Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì BK bá jí nínú kíndìnrín tí a pààrọ̀: ìdí tí dókítà fi dín oògùn àbúrò yín kù

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 41, ni wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ní Íńdíà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àbúrò wa obìnrin ló yọ̀ǹda ọ̀kan nínú tirẹ̀ fún un. Ara rẹ̀ ti ń mókun, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àfi bí creatinine rẹ̀, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ jáde, ṣe gòkè láti 1.3 sí 2.0. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ BK ti wà níbẹ̀, iye rẹ̀ sì jẹ́ 48,000. Dókítà ní kó dín mycophenolate rẹ̀, ọ̀kan nínú oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ kíndìnrín, kù sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ fún wa ní Íńdíà ni pé kò gbọdọ̀ fi oògùn kankan ṣeré láéláé. Màmá wa ń sunkún, wọ́n ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àbúrò wa obìnrin ló kó àrùn ràn án. Ẹnìkan ní ká ra ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, fún un, ẹlòmíràn gbé àgbo wá. Ṣé kíndìnrín yìí fẹ́ bàjẹ́ ni? Ṣé àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní í kó o?”

Ẹ kú àfaradà, ẹ sì bá mi kí Màmá. Mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì rí i pé ohun tó ń dà yín láàmú jù lọ ni pé àṣẹ méjì tí ẹ gbà lẹ́nu àwọn oníṣègùn dà bí èyí tó ń ta ko ara wọn. Àwọn ti Íńdíà ní kó má ṣe fi oògùn ṣeré, ti Ìbàdàn ní kó dín in kù. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, kò sì sí èyí tó pa èkejì rẹ̀ run nínú wọn, ṣùgbọ́n kò lè yé ènìyàn bí wọn kò bá kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí fáírọ́ọ̀sì yìí jẹ́ àti ibi tó ti wá. N kò rí fáìlì àbúrò yín, n kò sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, nítorí náà ohun tí mo bá kọ síbí kò lè rọ́pò àṣẹ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n jẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí dókítà náà fi ṣe ohun tó ṣe, àti ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi í nígbà tí ẹ bá tún padà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kan àbúrò yín obìnrin bẹ̀rẹ̀, torí pé òun ló lè da ilé rú bí a kò bá tètè yanjú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì BK kì í ṣe àrùn ìṣekúṣe, kò sì bá HIV tàbí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, èyí tí a máa ń torí rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ yọ̀ǹda kíndìnrín wò, tan rárá. Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń kó o, bóyá nípasẹ̀ ikọ́ àti itọ́ tàbí ọwọ́ tí kò mọ́, nígbà tó bá sì wọlé, kì í ju ọ̀fìnkìn lásán lọ, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní í mọ̀ pé ohunkóhun ṣe òun. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nǹkan bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni a ó bá àmì lára wọn pé wọ́n ti pàdé rẹ̀ rí. Èmi tí mò ń kọ èyí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó ṣeé ṣe gan-an kó wà lára wa. Kì í jáde mọ́ lẹ́yìn tó bá ti wọlé. Inú kíndìnrín àti awọ inú àwọn òpó tí ìtọ̀ ń gbà kọjá ló máa ń sá pamọ́ sí, yóò sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé ẹni láìṣe ibi kankan níwọ̀n ìgbà tí ara bá ń ṣọ́ ọ.

Ìwádìí fi hàn lóòótọ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló bá kíndìnrín tuntun náà wọlé. Nígbà tí wọ́n bá mú kíndìnrín méjèèjì láti ara olóògbé kan fún ènìyàn méjì, bí ó bá jí lára ọ̀kan, ó sábà máa ń jí lára èkejì náà, irú kan náà ni wọn yóò sì bá lára àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ èyí tó ti wà lára àbúrò yín ọkùnrin láti kékeré ló jí. Èyí ó wù kó jẹ́, arábìnrin yín kò mọ̀ nípa rẹ̀, kò sì sí bí ì bá ti mọ̀. Ká ní gbogbo ẹni tí fáírọ́ọ̀sì BK wà lára rẹ̀ ni a ó máa kọ̀ pé kò lè yọ̀ǹda kíndìnrín, a kò ní í rí ẹnikẹ́ni gbà. Mo fẹ́ kí Màmá gbọ́ èyí láti ẹnu ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí: ẹ̀bùn tí ọmọ wọn obìnrin fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Lẹ́tà méjì tó wà nínú orúkọ rẹ̀ wá láti ara aláìsàn kan. Ní ọdún 1970, ọkùnrin ará Sudan kan tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìṣòro ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé òpó tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín tuntun náà lọ sí àpòòtọ̀ ti fún. Sylvia Gardner àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nínú ìtọ̀ rẹ̀, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1971, wọ́n sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ aláìsàn náà pè é. Lára ẹni tó ti gba kíndìnrín ẹlòmíràn ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, títí di òní olónìí sì ni irú ìdílé yín fi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àwọn tí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn náà máa ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àpòòtọ̀ ló sábà máa ń bá jà lára tiwọn, tí wọn yóò fi máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Kí ló wá jí i? Kí ara àbúrò yín má bàa kọ kíndìnrín tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n ṣe fi í sórí oògùn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ni: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone. Àwọn oògùn yìí kò lè ya ọmọ ogun ara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n jìnnà sí kíndìnrín, kí wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ láti máa ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn lápapọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ rì. Ó dà bí àdúgbò tó dín ọdẹ alẹ́ rẹ̀ kù kí wọ́n má bàa máa yọ àlejò pàtàkì kan lẹ́nu: àlejò yóò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n olè tó ti ń gbé inú àdúgbò láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rí ààyè jáde. Àwọn nǹkan mìíràn tún máa ń dá kún un. Ó wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbìyànjú láti kọ kíndìnrín nígbà kan rí, tí wọ́n sì fi oògùn líle kápá rẹ̀, wà nínú ewu sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà tín-ín-rín tí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa ń fi sínú òpó ìtọ̀ tuntun kí ó má bàa dí, òun náà lè fún fáírọ́ọ̀sì yìí láyè.

Inú ìtọ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ sí, lára nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta àwọn tí a pààrọ̀ kíndìnrín fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, yóò yọ sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn, bí ẹnìkan sí méjì nínú mẹ́wàá. Nígbà tó bá yá, yóò ba kíndìnrín fúnra rẹ̀ jẹ́ lára ẹni tó kéré sí ìyẹn, láti ẹnìkan dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ṣe ń ròyìn. Ọdún méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ọdún kìíní gan-an ló sì le jù. Ohun tó mú kó burú ni pé kò ní àmì. Ara kò ní í gbóná, ìkùn kò ní í dùn ún, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì mọ́ lójú. Nígbà tí creatinine bá fi gòkè, fáírọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà tí àwọn onímọ̀ káríayé gbé jáde ní ọdún 2024 fi sọ pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún BK lóṣooṣù títí di oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta títí ọdún méjì yóò fi pé. Àwọn èèyàn wa tó gba kíndìnrín lókè òkun, tí wọ́n sì padà wálé, ni àyẹ̀wò yìí máa ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́ jù. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ti ń ṣe é, wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ síbòmíràn, àpò aláìsàn sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ó dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rí ìdílé tó ta ilẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn pé àyẹ̀wò yìí wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín náà nítòsí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó tín-ín-rín ni ìtọ̀ ń gbà kọjá nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì tò mọ́ inú òpó kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni fáírọ́ọ̀sì ti ń bí sí i. Bí a bá fi ẹ̀rọ awò-amúǹkantóbi wò wọ́n nínú ìtọ̀, àárín sẹ́ẹ̀lì tó ti kó o yóò ti wú, yóò sì máa dán bìrìkìtì, débi pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ́ ọn lè pè é ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Nígbà tó bá kún tán, sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ́, yóò wó sínú òpó, yóò sì fi ara òpó sílẹ̀ ní ìhòòhò. Fáírọ́ọ̀sì tó jáde yóò kọjá sí sẹ́ẹ̀lì tó kàn, èyí tó bá sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ni láàbù ń kà tí wọ́n fi sọ 48,000. Ibi tó ti wó yẹn ni ara yóò wá rán ọmọ ogun rẹ̀ lọ, ìjà yóò ṣẹlẹ̀, ìjà náà yóò sì fi àpá sílẹ̀. A lè lé fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n àpá tó bá ti wà nínú kíndìnrín kò ní í lọ. Nítorí náà, bí creatinine àbúrò yín kò bá padà sí 1.3 mọ́, tó dúró sí 1.7 tàbí 1.8 tí kò sì gòkè sí i, ẹ má ṣe rò pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le fún àwa oníṣègùn pàápàá nìyí: bí kíndìnrín tí fáírọ́ọ̀sì BK ń bá jà ṣe rí fẹ́ jọ bí kíndìnrín tí ara ń kọ̀ ṣe rí. Creatinine ń gòkè nínú méjèèjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun sì ń rọ́ wọ inú òpó nínú méjèèjì. Ìtọ́jú wọn ni kò jọra rárá. Bí ara bá ń kọ kíndìnrín, a ó fi kún oògùn tó ń tẹ ọmọ ogun ara rì, a ó tilẹ̀ fa èyí tó lágbára sí i sínú iṣan. Bí ó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì BK ni, dídín tí a bá dín oògùn kù ni ìtọ́jú. Ẹni tó bá ṣì í mú yóò máa da epo síná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 nìyẹn, nígbà tí tacrolimus àti mycophenolate ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìpààrọ̀ kíndìnrín. Àwọn oògùn náà dín iye kíndìnrín tí ara ń kọ̀ kù gan-an, ṣùgbọ́n àrùn BK tí ẹnikẹ́ni kò kà sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ṣe nígbà náà ló sì pàdánù kíndìnrín wọn, torí pé ó ti jinlẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Lónìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní PCR, tó ń ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ti yí ìtàn yẹn padà.

Ẹ ní iye tirẹ̀ jẹ́ 48,000. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé ni pé bí iye náà bá kọjá 1,000 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tàbí tó bá kọjá 10,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a gbà pé kíndìnrín ti wà nínú ewu, kí a sì gbé ìgbésẹ̀. Ti àbúrò yín ti kọjá ààlà méjèèjì, creatinine rẹ̀ sì ti gòkè. Nítorí náà, ìpinnu dókítà yín bá ìlànà mu. Ohun kan tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá ó tọ́ kí wọ́n bu ẹran díẹ̀ lára kíndìnrín náà fún àyẹ̀wò. Ká ní creatinine rẹ̀ kò yí padà ni, ọ̀pọ̀ wa kì bá bu ẹran rárá, a ó kàn dín oògùn kù, a ó sì máa wò ó. Níwọ̀n ìgbà tó ti gòkè, mo fara mọ́ ọn kí wọ́n bù ú bí agbára bá ká a, kí wọ́n lè mọ bí àpá tó wà níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá ara ń kọ kíndìnrín náà pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi bù ú lábẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara, wọ́n yóò sì fi oògùn sí ojú ibẹ̀ kí ó má bàa dùn ún. Ó dára kí wọ́n mú ó kéré tán ẹyọ méjì, kí ó sì dé apá inú lọ́hùn-ún kíndìnrín, nítorí pé ibì kan níhìn-ín, ibì kan lọ́hùn-ún ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń ti ń jà, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì lè fò ó dá. Nínú láàbù, wọ́n yóò fi èròjà kan tí wọ́n ṣe fún SV40, fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ tó bá BK tan, sí ẹran náà, àárín sẹ́ẹ̀lì tó bá sì ti kó o yóò pọ́n rúsúrúsú láàárín àwọn tí kò kó o.

Ẹ wá jẹ́ kí a dé orí àṣẹ méjì tó ń dà yín láàmú. Ohun tí wọ́n sọ fún yín ní Íńdíà ni pé aláìsàn kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fo oògùn, dín in kù tàbí dá a dúró. Títí di ìṣẹ́jú yìí, àṣẹ náà kò yí padà. Ohun tí dókítà Ìbàdàn ṣe yàtọ̀: ó fi ìwọ̀n dín in kù, ó mọ iye tó dín, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò tún wo ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mycophenolate, wọn yóò gé e sí ìdajì, wọn yóò sì dá a dúró bí fáírọ́ọ̀sì kò bá lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí tacrolimus, wọn yóò sì fa ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 6 ng/mL. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí gbà, kò sì tíì sí ẹ̀rí tó fi hàn pé ọ̀kan borí èkejì. Èmi fúnra mi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mycophenolate bí dókítà yín ti ṣe, pàápàá bí ìwọ̀n tacrolimus kò bá ga jù.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tacrolimus yìí ní ohun kan tí àwọn aláìsàn máa ń ṣì ṣe, ó sì lè da gbogbo ìṣirò rú. Ìdájí ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ó má tíì gbé oògùn àárọ̀ mì, ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, nígbà tó bá ti pé wákàtí méjìlá tó ti lo ti alẹ́. Ẹni tó bá ti lò ó ní aago méje nílé, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ga fíofío, dókítà tí kò mọ̀ yóò sì dín oògùn tí kò yẹ kó dín kù. Kí ó gbé oògùn rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó lò ó kété lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì bá fa ẹ̀jẹ̀ tán. Kí ó sì sọ gbogbo oògùn mìíràn tó bá ń lò fún wọn. Fluconazole, erythromycin àti clarithromycin máa ń gbé tacrolimus ga nínú ẹ̀jẹ̀, rifampicin tí a fi ń tọ́jú ikọ́ ife sì máa ń fà á wálẹ̀ débi pé ara lè kọ kíndìnrín.

Dídín oògùn kù ní ewu tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé kò ní kò sọ òtítọ́. Bí ọdẹ ṣe ń padà sẹ́nu iṣẹ́ láti mú olè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lè yọjú sí àlejò. Lára àwọn díẹ̀, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín ní ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì ń lọ tàbí lẹ́yìn tó bá lọ tán. Nítorí náà ni àyẹ̀wò creatinine àti ti fáírọ́ọ̀sì kò ṣe gbọdọ̀ jìnnà síra wọn ní àsìkò yìí, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín kù, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wú, bí ìfúnpá rẹ̀ bá ga lójijì, bí ojú ibi tí kíndìnrín wà bá ń dùn ún tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò. Ìṣirò láàbù kan kò ṣeé fi wé ti òmíràn, iye náà sì máa ń yẹ̀ díẹ̀ síwá sẹ́yìn nínú láàbù kan náà. Bí 48,000 bá di 40,000, ẹ má tíì yọ̀, bó bá sì di 55,000, ẹ má tíì sunkún. Ohun tí à ń wá ni kó lọ sílẹ̀ gidi, kó di 5,000, kó di 500, kó má sì hàn mọ́. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀. Àwọn tí sùúrù wọn tán láàárín kan ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù, torí pé wọn yóò máa ti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn, ẹni tó kàn yóò sì máa yí ohun tí ẹni ìṣáájú ṣe padà kó tó so èso.

Ciprofloxacin ńkọ́? Ìdí tí wọ́n fi dárúkọ rẹ̀ fún yín ni pé, nínú ìgò àyẹ̀wò, ìran oògùn yẹn dà bí èyí tó ń dí fáírọ́ọ̀sì yìí lọ́wọ́, àwọn dókítà kan sì lò ó fún ọdún mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán an wò gan-an lára ènìyàn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 láti Kánádà fún àwọn kan nínú 154 aláìsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kíndìnrín fún ní levofloxacin, ọmọ ìyá ciprofloxacin, fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Kò dá BK dúró. Ohun tó tún ṣe ni pé kòkòrò àìsàn tí oògùn náà kò ràn mọ́ pọ̀ sí i lára àwọn tó lò ó. Ẹ má ra ciprofloxacin ní kẹ́míìsì nítorí BK. Kò tíì sí oògùn kankan tí a lè pè ní oògùn BK. Cidofovir wà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Leflunomide wà, ẹ̀rí tó gbè é lẹ́sẹ̀ kò lágbára. Èròjà ìdáàbòbò tí wọ́n ń yọ láti inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí wọ́n sì ń fà sínú iṣan, ni àwọn kan máa ń lò nígbà tí dídín oògùn kù nìkan kò bá tó, ṣùgbọ́n ó wọ́n púpọ̀, n kò sì ní í gba ìdílé kankan níyànjú láti jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ní ti àgbo, n kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ni àbúrò yín gbójú lé, ó sì ń lo oògùn tí ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ díẹ̀. A kò mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, a kò mọ ohun tí yóò ṣe sí tacrolimus, àwọn ewé àti egbò kan sì wà tó ń pa kíndìnrín tó dá ṣáṣá pàápàá lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tí wọ́n ń tà pé ó ń mú kí ara lágbára láti gbógun ti àrùn. Ohun tó dára fún ẹlòmíràn nìyẹn, kì í ṣe fún ẹni tí a fẹ́ kí ọmọ ogun ara rẹ̀ rọlẹ̀ níwọ̀nba. Omi mímu dára fún un, ṣùgbọ́n omi kò ní í fọ BK jáde.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní fáírọ́ọ̀sì yìí tàbí kí wọ́n kó o ní ilé ìwé, kò sì ní í ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kí ó máa fọwọ́ rẹ̀ bó bá tọ̀ tán, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Kí wọ́n jọ jẹun, kí wọ́n jọ sùn. Arábìnrin yín náà kò ní láti yẹ ara rẹ̀ wò fún BK. Àyẹ̀wò ìfúnpá, ìtọ̀ àti creatinine lọ́dọọdún ni kó má ṣe fi falẹ̀, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá yọ̀ǹda kíndìnrín ló yẹ kó máa ṣe é.

Ṣé kíndìnrín náà yóò bàjẹ́? Bí wọ́n bá rí fáírọ́ọ̀sì yìí nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí creatinine kò tíì yí padà, tí wọ́n sì dín oògùn kù lásìkò, ọ̀pọ̀ jù lọ ni kíndìnrín wọn ń dúró. Ti àbúrò yín ti sún díẹ̀ kọjá ibẹ̀, nítorí náà n kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀ fún un. Mo rí àwọn tí tiwọn gòkè dé 2.0, tí ó sì dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo sì rí àwọn tí tiwọn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi padà sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí àpá tí wọ́n bá bá nínú ẹran tí wọ́n bù bá ṣe pọ̀ tó ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ jù, bí fáírọ́ọ̀sì náà bá sì ṣe ń tètè lọ sílẹ̀ ni ìkejì. Bí ó bá wá di pé kíndìnrín yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dí. Wọ́n ń pààrọ̀ kíndìnrín lẹ́ẹ̀kejì fún àwọn tí BK ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ó sì ń yọrí sí rere lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé kí fáírọ́ọ̀sì náà ti pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, kí àyẹ̀wò oṣooṣù sì bẹ̀rẹ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Kò sì di dandan kí wọ́n gbé e lọ sókè òkun mọ́ nígbà náà, torí pé láti ọdún 2000, nígbà tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ nílẹ̀ wa ní St. Nicholas Hospital ní Èkó, ni àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ibi tí ẹ bá sì ti lè rí dókítà kan náà lóṣooṣù fún ọdún méjì gbáko ni mo rò pé ó yẹ kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun tí ẹ ó gbé yẹ̀ wò.